Orí Ọmọ Òrukàn àti Ọwọ́ Akọ́ṣẹ́

Ìkọ́ṣẹ́ ìtọ́jú àwùjọ ní ilẹ̀ òkèèrè ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń gbèjà ẹni tí kò ní alágbàwí kúrò ní ìlú rẹ̀, kí ó lọ lo oṣù mélòó kan lábẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà níbòmíràn. Sitáàsì ni àwọn ará Benin ń pè é. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Jámánì, odindi sáà ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá sì ṣe é kò lè gba ìwé ẹ̀rí. Nítorí náà, ohun méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ń wá lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń wá ire ọmọ tí ìyà ń jẹ, ó sì ń wá ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, ọ̀ràn ọmọ yẹn náà ni yóò sì fi gba ìwé ẹ̀rí ọ̀hún. Inú ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó ń fẹ́ ìdáhùn ni bí ó ṣe lè tọ̀nà pé kí àlejò fi ọ̀ràn ọmọ ọlọ́mọ kọ́ iṣẹ́, kí ó sì dìde kí ó máa lọ.

Kọmúùnù Adja-Ouèrè wà ní ẹkùn Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin. Pobè wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, Sakété wà ní gúúsù. Àròńdísímà mẹ́fà ló pín sí: Adja-Ouèrè fúnra rẹ̀, Ikpinlè, Kpoulou, Massè, Oko-Akaré àti Totonnoukon. Nàgó àti Ọ̀họ̀rí ló pọ̀ níbẹ̀, Fọn àti Gùn náà sì wà láàárín wọn. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń jẹun. Àwọn obìnrin ló ń fọ epo, àwọn náà ló ń yan gààrí. Nígbà òjò, amọ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí a máa lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àti táyà, títí tí ọ̀nà oko mìíràn kò fi ní ṣeé gbà. Ààlà Nàìjíríà kò jìnnà. Bẹntiróòlù fàyàwọ́ tí wọ́n ń pè ní kpayo, ọjà àti ènìyàn ń gba ibẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru, àwọn ọmọdé sì wà lára ohun tó ń kọjá.

Ní ọjọ́ ọjà ní Ikpinlè, ọmọbìnrin méjì tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ lè máa kiri omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí igbá orí wọn jọra, kí ohùn tí wọ́n fi ń polówó jọra. Ìyá ọ̀kan wà nídìí àpò gààrí ní ìsọ̀ kẹta. Owó omi yẹn ni wọn yóò fi ra ìwé àti lẹ́ẹ̀dì fún un, ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò sì jí lọ lọ́jọ́ kejì. Ìkejì kò mọ ẹnì kankan nínú ọjà náà àfi obìnrin tí yóò ka owó lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́, tí owó kò bá sì pé, ebi ni yóò sùn. Ẹni tó ń ta ata nítòsí mọ ọmọ tí ó jẹ́ ti ta ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Hamburg dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò rí ju ọmọ méjì tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń fi iṣẹ́ jẹ àwọn méjèèjì níyà. Ó sì lè kọ ọ́ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe níhìn-ín nìyẹn, kí ó kọjá lọ. Bó bá kọ èkíní, ó ṣì í. Bó bá kọ èkejì, ó ṣì í pẹ̀lú. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ohun tó tún mú ọ̀ràn náà le ni pé fífi ọmọ fún ẹlòmíràn tọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Fọn ń pè ní vidomègon. Nàgó mọ alágbàtọ́, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n ìyá tó ń gbé ní Kútọnu gba ọmọ, ó ń rán an níṣẹ́, ó fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, ọmọ náà sì ń wálé ọdún. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà tó pa òwe yìí ló ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Àárín òwe méjèèjì ni ọmọ tí a gbà tọ́ ń gbé. Níwọ̀n ìgbà tí alágbàtọ́ bá jẹ́ ìbátan, ojú ẹbí wà lára rẹ̀, ojú a sì máa tì í. Nígbà tí alárinà tó ń gba owó bá bọ́ sáàárín, ojú yẹn kúrò níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ní oṣù Kẹrin 2001, ọkọ̀ ojú omi Etireno, tí wọn kò jẹ́ kí ó gúnlẹ̀ ní apá Gabon, padà sí Kútọnu pẹ̀lú àwọn ọmọdé nínú rẹ̀, gbogbo ayé sì gbọ́. Ní 2003, àwọn aláṣẹ Nàìjíríà dá àwọn ọmọ Benin tó ju 200 lọ padà sílé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta. Ní oṣù Kẹfà 2005, ìjọba méjèèjì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí ọ̀ràn náà. Òfin 2006-04 tí Benin ṣe ní oṣù Kẹrin 2006 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, ìbáà jẹ́ nínú orílẹ̀-èdè náà, láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibi tí ọmọ ń gbé. Àkójọ òfin ọmọdé, Òfin 2015-08 ti oṣù Kejìlá 2015, sì kó gbogbo ẹ̀tọ́ ọmọ jọ sójú kan. Ní ìsàlẹ̀, ọ́fíìsì ìtọ́jú àwùjọ ti ìjọba tí a mọ̀ sí CPS tẹ́lẹ̀, tí ó ti di GUPS, ló ń gbọ́ ẹjọ́ wọ̀nyí ní kọmúùnù. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í pọ̀, abúlé tó ń dúró dè wọ́n ló pọ̀. Irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, tàbí ilé àwọn ajẹmọ́-ìsìn àti ẹgbẹ́ aláàánú tó ń bá a ṣiṣẹ́, ni akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè máa ń bá ara rẹ̀.

Àwọn Lárúbáwá ní òwe kan nípa onígbàjámọ̀ tó ń fi orí ọmọ òrukàn kọ́ iṣẹ́. Orí ẹni tí kò ní baba tí yóò wá béèrè ni abẹ akọ́ṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ bà. Ìdí ọ̀rọ̀ gan-an ni òwe náà kàn. Kò sí iṣẹ́ tí a kì í fi nǹkan kọ́. Kò sí dókítà tí kò fọwọ́ kan aláìsàn rí nígbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Onímọ̀ ọgbọ́n orí Immanuel Kant kọ ọ́ ní 1785 pé a kò gbọdọ̀ fi ènìyàn ṣe ohun èlò lásán. Kò sọ pé kí á má rí èrè lára ọmọnìkejì, nítorí ẹni tó ra ẹ̀kọ ń rí èrè lára ẹlẹ́kọ. Ohun tó kọ̀ ni kí èrè wa di gbogbo ohun tí ẹni náà wà fún lójú wa. Nípa bẹ́ẹ̀, kíkọ́ iṣẹ́ lára ènìyàn lè tọ̀nà, bí ẹni náà bá lè sọ pé òun kò fẹ́, bí ọ̀gá bá dúró ti akọ́ṣẹ́, tí ẹbí sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n gbà lọ́wọ́ alárinà kò sábà ní ẹbí lẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ sitáàsì. Bí àgbàlagbà òyìnbó bá jókòó níwájú rẹ̀, tó ní kí ó sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, yóò sọ ọ́, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé àgbà kì í béèrè kí ọmọdé dákẹ́. A kò lè pe irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ní ìyọ̀ǹda. Nínú ohun mẹ́ta tí a kà wọ̀nyí, ọ̀gá nìkan ló kù tí a lè pèsè fún un, bí kò bá sì sí ọ̀gá nínú yàrá náà, ọmọ náà ti di orí òrukàn níwájú onígbàjámọ̀. Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa ìkọ́ṣẹ́ èyíkéyìí fi yẹ kó jẹ́ pé ta ló jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́. Ilé tó bá gba akẹ́kọ̀ọ́ kí ó lè fi dí àyè òṣìṣẹ́ tí kò lówó láti gbà ti dáhùn, ìdáhùn náà kò sì dára.

Ivan Illich, àlùfáà àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀, bá àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó fẹ́ lọ ran àwọn ará abúlé Mexico lọ́wọ́ sọ̀rọ̀ ní Cuernavaca ní oṣù Kẹrin 1968. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu èrò rere wọn. Ó ní kí wọ́n wá wòran, kí wọ́n wá gun òkè, kí wọ́n wá kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má wá ṣèrànwọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti fi dá irú ìrìnàjò yìí lẹ́bi, wọn kò sì kíyè sí i pé ó fi ààyè ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ fún olórí abúlé pé òun wá kọ́ iṣẹ́, ó ṣòótọ́ ju èyí tó ní òun wá gba àwọn ọmọ là lọ. Akọ́ṣẹ́ ní ọ̀gá. Olùgbàlà kì í ní.

Yàtọ̀ sí ọ̀ràn ọ̀gá, ọ̀ràn lílọ wà. Ní 1951, John Bowlby, tó ń ṣèwádìí nípa ọkàn ọmọdé, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí àwọn ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ ìyá wọn. Mary Ainsworth, tó ti bá a ṣiṣẹ́, lọ sí Uganda ní 1954, ó ń tẹ̀ lé àwọn ìyá àti ọmọ ọwọ́ ní abúlé lẹ́bàá Kampala. Ìwé rẹ̀ lórí wọn jáde ní 1967. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìwọ̀nba ènìyàn tó ń lọ tó sì ń padà ni ọkàn ọmọdé máa ń so mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń gbé e. Ní Bucharest, láti nǹkan bí 2001, àwọn olùwádìí Charles Zeanah, Charles Nelson àti Nathan Fox tẹ̀ lé ọmọ 136 tó ń gbé ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Wọ́n mú ìdajì wọn lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́. Àwọn tó rí alágbàtọ́ ta àwọn tó kù yọ ní òye, pàápàá àwọn tí wọ́n tètè mú kúrò.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tún fi ohun kan hàn tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ kí ó tó wọ bàálù. Ọmọ tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀ a máa sáré sí ẹni tí kò rí rí, a dì mọ́ ọn lọ́rùn, a ní kí ó gbé òun. Àlejò a rò pé ìfẹ́ ni, a ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa ọmọ mọ̀ pé àmì ọgbẹ́ ni. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá a kọ́kọ́ sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀ ná. Àwọn kan ní ìfẹ́ oṣù mẹ́ta sàn ju àìrí ìfẹ́ rárá. Òótọ́ ni wọ́n ì bá sọ ká ní oúnjẹ ni, nítorí ẹni tó jẹun lánàá jàǹfààní rẹ̀ bí kò tilẹ̀ jẹ lónìí. Ìfaramọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí èyí tí a fún ọmọ bá já, ọmọ náà ti kọ́ pé jíjá ló ń já. Ní oṣù Kejìlá 2019, Àpéjọ Gbogbogbò Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé kìlọ̀ nínú ìpinnu wọn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé nípa ewu tó wà nínú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àwọn arìnrìnàjò ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí.

Àwọn ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe ní Adja-Ouèrè ti sọ̀rọ̀ lórí èyí tipẹ́. Ojíṣẹ́ Islam jẹ́ ọmọ òrukàn: baba rẹ̀ kú kí wọ́n tó bí i, ìyá rẹ̀ kú nígbà tó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Ohun tí àwọn oníwàásù máa ń mú jáde nínú Kùránì ni pé kí á má ni ọmọ òrukàn lára. Èyí tó jinlẹ̀ jù fún ọ̀ràn yìí wà ní ìbẹ̀rẹ̀ Súrà kẹrin, níbi tí àánú ti di ìṣirò. Alágbàtọ́ tó lówó kò gbọdọ̀ mú nínú ohun ọmọ òrukàn. Èyí tó jẹ́ tálákà lè jẹ níwọ̀n. Ọjọ́ tí yóò bá sì dá ohun ọmọ padà fún un, kí ó pe ẹlẹ́rìí. Òfin yìí kò díbọ́n pé olùtọ́jú kì í rí èrè. Ó díwọ̀n èrè náà, ó sì fi ẹlẹ́rìí tì í. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè, kí ni ohun ìní ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìtàn ọmọ náà ni, àti àwòrán rẹ̀. Ìwọ̀nba tí iṣẹ́ béèrè ló lè mú níbẹ̀. Fọ́tò tó gbé sójú Facebook ti ju ìwọ̀n lọ, ìtàn tó fi wá owó ìtọrẹ lórúkọ ọmọ náà sì ti di jíjẹ ohun ọmọ òrukàn. Ọjọ́ tí yóò bá lọ, kí ó fi ohun gbogbo lé ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó kù níwájú ẹlẹ́rìí, kí ọmọ náà sì mọ̀.

Nínú Ìwé Jákọ́bù, àwọn Kristẹni rí i pé bíbẹ ọmọ aláìníbaba wò wà lára ẹ̀sìn tó mọ́. Opó ni wọ́n dárúkọ tẹ̀ lé e, kò sì yẹ kí á fò ó. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ilé ìtọ́jú ń gbà ní ìyá; owó ni ìyá náà kò ní. Ẹni tó bá gba ọmọ opó tí kò sì bojú wo opó, ó ti dá kún òrukàn ayé.

Àwọn oníṣẹ̀ṣe ní tiwọn ka ọmọ sí ẹni tó ti yan orí kí ó tó dé. Wọ́n sì ń bi Ifá léèrè nípa ẹsẹ̀ tó fi wáyé. Àwọn kan ti yí èyí po, wọ́n ní orí ọmọ ló yan ìyà. Ṣégun Gbádégẹṣin, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Adúláwọ̀ tó jáde ní 1991, fi hàn bí ọ̀rọ̀ orí ṣe fẹ́ ìtumọ̀ tó ju ìyẹn lọ, nítorí ẹsẹ̀, tó túmọ̀ sí ìsapá, wà, ìwà sì wà. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè mú nínú rẹ̀ ni pé ọmọ tó wà níwájú òun mú nǹkan wá sáyé. Kì í ṣe amọ̀ tí àlejò yóò mọ bí ó ṣe fẹ́.

Ọ̀rọ̀ tún kan ìmọ̀ fúnra rẹ̀. Paulin Hountondji, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Benin tó kú ní oṣù Kejì 2024, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti tọ́ka sí àrùn kan: Áfíríkà ní í pèsè ohun tí wọ́n ń wádìí, òkèèrè ni àbájáde rẹ̀ ń lọ, àwọn ará òkèèrè sì ni a ń kọ ọ́ fún. Ìjábọ̀ sitáàsì jẹ́ àpẹẹrẹ pípé. Ọ̀ràn ọmọ Massè kan di ojú ìwé 40 lédè Jámánì, ó gba máàkì, ó sì wọ inú àpótí. Òṣìṣẹ́ tó túmọ̀ Nàgó sí Faransé fún akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ní rí i kà. Bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú àwùjọ àgbáyé fẹnu kò lé lórí ní Melbourne ní 2014 ka ìmọ̀ ìbílẹ̀ mọ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn. Ìyá tó ń yan gààrí, tó mọ ọmọ tí kò jẹun láàárọ̀, wà lára àwọn tó ni ìmọ̀ yẹn. Kí wọ́n ka ìjábọ̀ náà fún un lédè tó gbọ́, kí ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ibi báyìí kò rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni a lè pè ní ìdápadà.

Iṣẹ́ tí ó yẹ àlejò kò sì ṣòro láti rí, kò kàn dùn ún wò nínú fọ́tò ni. Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀ràn ìwé ìbí ṣe àpẹẹrẹ. Ní Benin, ọmọ tí kò ní ìwé ìbí a máa kọsẹ̀ nígbà ìdánwò CEP ní ìparí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí a kò sì kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan rọrùn fún alárinà láti gbé kọjá ààlà. Bí àkókò ìforúkọsílẹ̀ bá ti kọjá, kóòtù ló kù. Ó gba wíwá ìyá lọ sí oko, wíwá ẹni tó gbẹ̀bí, kíkọ lẹ́tà lédè Faransé, pípadà sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹta nítorí lẹ́tà kan tó sọnù nínú orúkọ. Òṣìṣẹ́ tó ní abúlé rẹpẹtẹ lọ́rùn kì í ráyè fún gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Faransé ráyè. Ó lè ṣe é lẹ́yìn òṣìṣẹ́ tó máa dúró, láì jẹ́ pé ọmọ kankan so mọ́ ọn lọ́rùn, ìwé náà yóò sì wà lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí òun bá ti lọ.

Ó ku ọ̀ràn ẹ̀tọ́ láàárín orílẹ̀-èdè. Ètò weltwärts tí ìjọba Jámánì dá sílẹ̀ ní 2008 ń rán àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 18 sí 28 lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, Benin sì wà lára ibi tí wọ́n ń lọ. Ọdún 2013 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn ọ̀dọ́ láti apá ìhín lọ sí ọ̀hún. Ọmọ Ikpinlè tó ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwùjọ, tó sì fẹ́ lọ ṣe sitáàsì ní Hamburg, yóò bá físà àti owó báńkì pàdé ní ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá wọlé, ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó bá ọmọdé ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí òfin ààbò ọmọ tí Jámánì ń lò láti 1 oṣù Kìíní 2012, kò sì sí ẹni tí yóò jẹ́ kí ó dá jókòó ti ọmọ tí wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ òbí, nígbà tí kò tíì gbọ́ èdè ọmọ náà. Ohun tí Hamburg kò ní gbà fún àwọn ọmọ tirẹ̀, kò yẹ kí Adja-Ouèrè gbà á fún àwọn ọmọ tirẹ̀ náà. Ọwọ́ àwọn aláṣẹ kọmúùnù, ọ́fíìsì GUPS àti àwọn ilé tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ni bíbéèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kàn.